Ìjà òfuurufú nínú VR: bí mo ṣe mú kí àwòrán dúró déédéé

Nínú géèmù ìjà òfuurufú lórí ojú kọ̀ǹpútà lásán, ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá kì í ju àwòrán pẹlẹbẹ lọ. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lèèyàn ń wò kó tó mọ bó ṣe jìnnà tó. Nínú VR, níbi téèyàn ti ń gbé headset (ẹ̀rọ ìwòran) sójú bíi pé ó wà nínú géèmù gan-an, ojú méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Bí MiG-15, ọkọ̀ ogun ọ̀tá, bá gba iwájú F-86, ọkọ̀ ogun tèmi, kọjá, ojú mi ti mọ̀ pé nǹkan kékeré ni, pé láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì kò ju nǹkan bíi mítà 10 lọ, mo sì ti mọ bó ṣe ń yára sún mọ́ mi tó kí n tó ráyè ronú sí i. Ìdí tí mo fi ra headset nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e sórí, àwòrán ń há, headset ń ṣókùnkùn láàárín ìjà, òòyì sì ń kọ́ mi. Bí mo ṣe wá ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni mo fẹ́ sọ. Ìmọ̀ràn tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ jọjọ, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní kéèyàn yí sẹ́tìǹgì bí ogún pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá wá dáa, ta ló mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn?

DCS World, géèmù wíwa ọkọ̀ ogun òfuurufú, ni mo ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò kò ní láti náwó: ọ̀fẹ́ ni ètò náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ méjì, Su-25T tó ń gbé bọ́ǹbù àti TF-51D tí kò ní ìbọn, àti máàpù Caucasus. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yan ìrìn kan ṣoṣo fún ìdánwò. Mo gbéra ní Batumi, ìlú etíkun kan nínú máàpù náà, mo fò wálẹ̀ lórí àwọn ilé ìlú náà, mo yà sórí òkun, mo tún padà. Ojú ọjọ́ kan náà, aago kan náà, ọkọ̀ kan náà. Bí èèyàn bá ń fi ìjà ṣe ìdánwò, kò sí ìjà méjì tó jọra, nọ́ńbà tó sì rí kò ní wúlò fún un.

Nọ́ńbà wo ni mo ń sọ? Headset tó ń yí àwòrán pa dà lẹ́ẹ̀ 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ń fẹ́ àwòrán tuntun ní gbogbo 11.1 ms (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni ms kan). Bí a bá gbé e wálẹ̀ sí 72, ààyè náà á gùn di 13.9 ms. Àwọn tó ń lo ojú kọ̀ǹpútà lásán máa ń fi iye àwòrán yangàn: mo ní 120, mo ní 140. Nínú VR, bí àwòrán ṣe ń dé déédéé ló ṣe pàtàkì, gẹ́gẹ́ bí ìlù fún oníjó: ìlù tó rọra ń lọ kò pa ijó lára, èyí tó ń já ló ń bà á jẹ́. Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nínú ètò headset ni pé mo gbé e kúrò ní 90 wá sí 72. Àwọn kan á ní ojú àwọn ń rí i bí àwòrán ṣe ń ṣẹ́jú ní 72. Tèmi ò rí i.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ẹni tó ń fa ọwọ́ iṣẹ́ sẹ́yìn. Ẹ tẹ Ctrl apá ọ̀tún pẹ̀lú Pause nínú DCS, àtẹ kékeré kan á jáde tó ń sọ iye àwòrán, tó sì ń sọ bóyá CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ni wọ́n ń dúró dè tàbí GPU (káàdì àwòrán). Ìdáhùn yìí ló pín ọ̀nà sí méjì. Bó bá jẹ́ CPU, kí èèyàn dín resolution (iye píksẹ́lì, àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) kù kò ní ràn án lọ́wọ́ rárá. Iye ọkọ̀ tó wà nínú ogun náà àti bí ojú ṣe ń ríran jìnnà tó ni kó dín kù. Bó bá jẹ́ GPU, ọ̀rọ̀ píksẹ́lì ni. Tèmi jẹ́ GPU, kò sì yà mí lẹ́nu. Ẹ wo headset Quest 3: píksẹ́lì 2064 níbùú, 2208 lóròó, fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ojú méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9.1 mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ 8.3 mílíọ̀nù ni gbogbo ohun tó wà lórí ojú tẹlifíṣọ̀n 4K. Èyí ò sì tíì tán: gíláàsì inú headset máa ń tẹ àwòrán, ètò náà gbọ́dọ̀ ya àwòrán tó tóbi ju ojú headset lọ kó tó lè tẹ̀ ẹ́ pa dà kó gún.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àtẹ yẹn kò sọ fún mi. Lórí òkun, gbogbo nǹkan ń lọ geere. Bí mo bá ti dé orí ilé Batumi báyìí, àwòrán á há bíi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, á fò, á tún há. Mo ṣí Task Manager ti Windows, mo lọ sí apá GPU, mo wo ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀: ìrántí tó jẹ́ ti káàdì àwòrán fúnra rẹ̀, àti èyí tó ń yá lára RAM kọ̀ǹpútà. Àkọ́kọ́ ti kún dé ọrùn, ìkejì sì ń gòkè. Wàhálà náà nìyẹn. Bí ìrántí káàdì bá ti kún, àwòrán ara ilé àti ilẹ̀ á máa gba ojú PCIe, ọ̀nà tó so káàdì mọ́ kọ̀ǹpútà, lọ, á máa bọ̀, ọ̀nà yẹn sì lọ́ra gan-an ju ìrántí inú káàdì lọ. Mo sọ Textures di Medium, mo sọ Terrain Textures di Low, mo pa DCS, mo tún un ṣí. Mo padà sórí Batumi: ìlà kejì ò gbéra mọ́, àwòrán ò há mọ́. Kò sì sí ohun tí mo pàdánù tí ojú mi ń wá. Ara ọkọ̀ ṣì dára, ìwé ara aago inú cockpit (yàrá awakọ̀) ṣì hàn. Bó bá jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú gbogbo àlàyé yìí, ẹ mú ìlà méjì yẹn.

Òjìji inú àwòrán (Shadows) náà, mo mú un wálẹ̀. Èyí ò gba àròjinlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ reprojection ni àwọn èèyàn máa ń jiyàn lé lórí. Bí kọ̀ǹpútà ò bá lè bá headset rìn, ètò headset á ní kí géèmù máa mú ìdajì wá, fún àpẹẹrẹ 45 dípò 90, òun fúnra rẹ̀ á wá máa fojú inú ya àwọn tó kù láti inú èyí tó ti rí. Fún ẹni tó ń gbé ẹrù lọ tàbí tó ń wo orí òkè láti òkèèrè, ó dára púpọ̀. Fún ìjà ìbọn, mi ò lè lò ó. Bí ọ̀tá bá sáré kọjá níwájú, etí ìyẹ́ rẹ̀ á máa yọ̀ bí omi, nígbà mìíràn ọkọ̀ kan á di méjì. Propeller ẹni fúnra ẹni á sì máa ya ihò sínú ojú ọ̀run. Mo pa á. Mo gbà kí ẹwà àwòrán dín díẹ̀ kù, kí 72 náà jẹ́ 72 tòótọ́.

Àwòrán tó mọ́ ló kàn, ibẹ̀ ni mo ti lo àkókò jù. Resolution wà níbi méjì: nínú ètò headset, àti Pixel Density nínú DCS. Wọ́n ń sọ ara wọn di púpọ̀ ni. Bí ẹ bá fi 1.5 sí Pixel Density nìkan, píksẹ́lì ti di ìlọ́po 2.25, nítorí pé ìbú àti òró ló ń pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi Pixel Density sílẹ̀ ní 1.0, inú headset nìkan ni mo ti ń yí i. Ti ohun tí kì í jẹ́ kí etí àwòrán rí ṣágiṣàgi ńkọ́? Àwọn ètò tó ń ya àwòrán kékeré tí wọ́n sì ń fi ọgbọ́n ẹ̀rọ fẹ̀ ẹ́ di ńlá máa ń dín iṣẹ́ GPU kù gan-an, ẹni tó ń wa ọkọ̀ òde òní tó ń fi radar (ẹ̀rọ tó ń rí ọ̀tá láti òkèèrè) jà lọ́ọ̀ọ́kán lè gbádùn wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tó wà ní kìlómítà mẹ́jọ kò ju ẹyọ píksẹ́lì méjì-mẹ́ta lọ, ó sì rọrùn kí irú ètò bẹ́ẹ̀ rò pé ìdọ̀tí ni, kó nù ún kúrò. MSAA x2, ọ̀kan tí kì í fẹ àwòrán kékeré di ńlá, ni mo fi sí i. Etí nǹkan ń dán díẹ̀díẹ̀ bíi pé wọ́n ń gbọ̀n, àmọ́ mò ń rí ọ̀tá.

Kẹ́yin tó fọwọ́ kan sẹ́tìǹgì kankan nítorí pé àwòrán ṣú, ẹ kọ́kọ́ wọn àyè tó wà láàárín ọmọlójú yín méjèèjì. Nǹkan bíi mílímítà 63 ni ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, kì í ṣe ti gbogbo wọn. Bí gíláàsì headset ò bá bá tiyín mu, kò sí GPU tó lè gbà yín, orí fífọ́ á sì tún wọ̀ ọ́.

Headset tó ń ṣókùnkùn láàárín ìjà kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú àwòrán rárá. Mo yọ ọ́ lórí, mo fetí sílẹ̀: kí òkùnkùn tó dé, Windows á dún bó ṣe ń dún tí wọ́n bá fa USB yọ, á tún dún tí wọ́n bá fi bọ̀ ọ́ pa dà. Ọ̀pá ìdarí, throttle (ọ̀pá agbára ẹ́ńjìnnì), pẹ́dàlì ẹsẹ̀ àti headset ń mu iná láti ara hub kan náà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀. Mo gbé headset lọ sí ihò USB tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, èyí tó wà lára motherboard gan-an. Mo wọ Power Options, mo pa USB selective suspend. Mo wọ Device Manager, mo yọ àmì kúrò lára ohun tó ń gba Windows láyè láti pa USB láti fi iná pamọ́. Òkùnkùn náà ò padà wá. Ẹ tún wo OpenXR runtime yín, ìyẹn ètò tó so géèmù mọ́ headset, nígbà tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni Windows ń gbà ní ẹ̀ẹ̀kan, bó bá sì jẹ́ ti ètò mìíràn ló wà níbẹ̀, géèmù á gba ọ̀nà yíyípo kó tó dé inú headset, ìyẹn á sì jẹ lára 13.9 ms yín.

Kíbọ́ọ̀dù ti di nǹkan tẹ́ ò lè rí mọ́. Gbogbo ohun tó ṣe kókó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìka: ìbọn, ìjánu afẹ́fẹ́ tó ń dín eré ọkọ̀ kù, rédíò, àti ohun tó ń mú ojú ìwòye padà sí àárín. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, lórí Num5 ló máa ń wà. Ẹ gbé e sórí ọ̀pá ìdarí, torí pé àga máa ń yí nígbà tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀yìn. Swíìṣì inú cockpit, máòsì ni mo fi ń tẹ̀ wọ́n.

Òòyì ńkọ́? Ojú ń sọ pé a ń yí, ihò inú etí sì ń sọ pé a jókòó jẹ́ẹ́. Àìfohùnṣọ̀kan yẹn ló ń rú inú. Àwòrán tó ń há ń pa kún un, ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ jù fi lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ Batumi lọ. Fún èyí tó kù, mo gbé fáànù síwájú kó máa fẹ́ sí mi lójú, mo sì ń tẹjú mọ́ ibi tí mò ń yí lọ kí n tó yí. Bí òógùn tútù bá ti bẹ̀rẹ̀ níwájú orí, mo ń yọ headset lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á fara dà á, ara rẹ̀ á kàn kọ́ láti kórìíra headset ni.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tò tán ni mo tó mọ ohun tí mo rà. F-86 ní ìbọn 6 oní mílímítà 12.7 àti gíláàsì orí tó ṣí sílẹ̀ fún wíwo ẹ̀yìn. MiG-15bis ní ìbọn ńlá 3, ọ̀kan oní mílímítà 37 àti méjì oní 23, ó sì ń gun òkè jù mí lọ. Mo di apá àga mú, mo yí gbogbo àyà mi sẹ́yìn, mo ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ìrù mi, mo ń wo ibi tí imú rẹ̀ kọjú sí. Bí imú yẹn bá ti ṣí sílẹ̀ tí mo ń rí ikùn rẹ̀, ó ń darí ìbọn síwájú mi. Bí mo bá ń rí ẹ̀yìn rẹ̀, kò tíì lè yìnbọn. Lórí ojú kọ̀ǹpútà, mi ò ráyè rí èyí rí. Ẹ tún gbìyànjú ọkọ̀ ogun Bf 109 K-4: Revi, ìyẹn gíláàsì ìfojúsùn rẹ̀, wà sí apá ọ̀tún díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ojú ọ̀tún ló ń rí àmì, ojú òsì sì ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Inú VR ni ìtò yẹn ti ń ní ìtumọ̀.

Ohun kan tí mo ń ṣe títí di ìsinsìnyí: bí DCS tàbí dráífà káàdì àwòrán bá ṣe update, mo ń wọ fódà rẹ̀ nínú Saved Games, mo ń pa ohun tó wà nínú fxo àti metashaders2 rẹ́, àwọn fódà tí DCS ń kó ohun tó ti ṣètò fún yíya àwòrán pamọ́ sí. Ètò náà á tún wọn kọ fúnra rẹ̀. Ìrìn àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn á há dáadáa bó ṣe ń kọ wọ́n; ẹ má torí ẹ̀ yí sẹ́tìǹgì kankan, ẹ kàn fò ó lẹ́ẹ̀kejì.