Bí mo ṣe dáwúnlóòdù fáìlì tí mo fi dán pọ́tà wa wò, l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí

CV mi ni mo fi ń dán pọ́tà wò látọjọ́ yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. CV mi, lẹ́tà kan tí mo fi wáṣẹ́ nígbà kan, àti ìwé ẹ̀rí tí mo fi fóònù yà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni mo máa ń gbé wọlé, tí wọ́n bá ti wọlé báyìí mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé "Sà, ó ń ṣiṣẹ́". Ṣọ́ọ̀bù wa ò jìnnà sí Under-G, iṣẹ́ tá a gbà lọ́tẹ̀ yìí ni pọ́tà táwọn èèyàn á máa gbà fi ìwé wọn ránṣẹ́, PDF o, Word o, Excel o, fọ́tò o. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀gá wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ, ṣé gbogbo ayé ló ń lo irú CV tìẹ ni?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Àwọn náà ló júwe Govdocs1 fún mi. Bó ṣe jẹ́ nìyí: àwọn onímọ̀ kan l'Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ń ṣèwádìí bí wọ́n ṣe ń tú kọ̀ǹpútà wò láti wá ẹ̀rí ọ̀ràn, ni wọ́n kó fáìlì tó tó mílíọ̀nù kan jọ látorí àwọn ìkànnì ìjọba wọn, àwọn tó ń parí sí .gov, wọ́n wá gbé e síta kí ẹni tó bá ń ṣe sọ́fítíwíà lè fi dán an wò. Simson Garfinkel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 2009. Orí ìkànnì Digital Corpora ló wà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò ní forúkọ sílẹ̀, wọn ò ní béèrè káàdì ATM yín. PDF inú ẹ̀ nìkan ju 200,000 lọ.

Àpò sípù 1,000 ni wọ́n pín in sí, láti 000 dé 999, fáìlì bíi 1,000 ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ojúkòkòrò ti mú mi nìyẹn. Mo tẹ àpò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà nínú bíráúsà, mi ò wò ó pé ọ̀kan ṣoṣo ń lọ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún MB, gbogbo wọn wá ń fà bí ìgbín, dátà ń lọ, kò sí èyí tó parí. Mo pa mẹ́sàn-án, mo fi 000 nìkan sílẹ̀, ó dé 87 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n mú iná lọ. Ràúta kú. Nígbà tí iná fi máa dé, bíráúsà ní òun ò mọ nǹkan kan nípa 87, látorí òdo ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Inú bí mi débi pé mo dìde mo lọ jẹun.

wget ló gbà mí, ìyẹn irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí lórí kọ̀ǹpútà kó lè bá wọn dáwúnlóòdù nǹkan. Tẹ́ ẹ bá kọ wget -c, tẹ́ ẹ wá lẹ líǹkì àpò yẹn mọ́ ọn, -c yẹn ló ń sọ fún un pé kó máa bá a lọ níbi tó dúró sí. Mo dúró di òru nígbà tí dátà dínwó, mo bẹ̀rẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì já lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀mẹrin náà ni mo tẹ ọfà òkè kí àṣẹ yẹn lè padà wá, tí mo tẹ Enter, ó sì ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ ni. Ohun kan wà ńbẹ̀ o, inú fódà tí àbọ̀ fáìlì yẹn wà náà ni kẹ́ ẹ ti pè é, ẹ má sì yí orúkọ ẹ̀ padà, torí tí kò bá bá a níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ tuntun ni, ẹ̀ẹ̀kan ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi kí n tó gbọ́n. Nígbà tó parí mo lo unzip -t, ìyẹn máa ń yẹ àpò wò bóyá ó pé láì tíì tú u. Ó pé.

Mo tú u, nọ́ńbà lásán ni orúkọ gbogbo ẹ̀. Mo kọ síkírípítì kékeré kan tó ń gbé wọn wọ pọ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, orí láptọ́ọ̀pù mi ni o, kì í ṣe ti oníbàárà, mo wá jókòó tì í. Àwọn PDF ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dé orí .xls kan, pọ́tà dákẹ́ lọ gbári. Kò kọ̀ ọ́, kò gbà á, ó kàn ń yí ni.

Mo fi èyí tó ń ṣí ìwé lásán ṣí fáìlì yẹn, <html ni mo bá lókè pátápátá. Agbádá Excel ló wọ̀, ojú ewé ìkànnì ni lábẹ́. Pọ́tà tiwa sì rèé, ìrù orúkọ nìkan, bíi .xls yẹn, ló ń wò kó tó ṣílẹ̀kùn! Ìgbà yẹn ni mo wá lọ ń fi xxd, irinṣẹ́ tó ń fi nọ́ńbà àti lẹ́tà inú fáìlì hàn bó ṣe wà, wo orí àwọn fáìlì yòókù, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ wọn. Gbogbo PDF tó pé, %PDF ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Sípù ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PK, orúkọ Phil Katz tó dá sípù sílẹ̀ nìyẹn, docx náà sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PK torí sípù ni docx fúnra ẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Word, Excel àti PowerPoint àtijọ́: D0 CF 11 E0. Ẹ so ó pọ̀ kẹ́ ẹ kà á, ṣé kò jọ "docfile"? Àwọn tó ṣe é mọ eré ṣe.

Fáìlì 23 ló da pọ́tà wa rú lápapọ̀, àwọn kan irọ́ ni orúkọ wọn ń pa, àwọn kan gé lójijì láàárín. Bọ̀dá tó kọ kóòdù náà kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní ta ló fẹ́ fi irú ìyẹn ránṣẹ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, orí ìkànnì ìjọba ni wọ́n ti kó o o. Wọ́n tún un ṣe, ó ti ń wo orí fáìlì báyìí kó tó wo ìrù.

Àléébù kan tí àkójọ yìí ní ni pé ó ti pẹ́. Office 2007 ló mú docx wá, kò sì tíì pẹ́ nígbà tí wọ́n ń kó fáìlì wọ̀nyí jọ, torí náà .doc ló kún ibẹ̀, docx tá a máa rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn tiwa ò tó nǹkan. Ìyẹn ni mo ṣì ń wá kiri.

Ọ̀gá ní kí n tún mú 001 lálẹ́ òní. Mo ní, "Ó dáa sà, ẹ bá wa ra dátà."