Ẹ má pè é dìde lójijì
Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹnì kan láàárín yín bá ní dyslexia, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà, ẹ má ṣàdédé ní kó dìde kàwé sókè. Ẹ fún un ní ìwé náà lọ́jọ́ kan ṣáájú. Ojú rẹ̀ kò fọ́, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Síso ìró ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́tà ló nira fún un. Níbi iṣẹ́, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i dípò àtẹ̀jíṣẹ́ gígùn. Bí ẹ bá máa tẹ ìwé, ẹ lo lẹ́tà ìwọ̀n 12 sí 14, kí àyè wà láàárín ìlà. Fóònù pàápàá lè kà á sí i létí (èmi náà ń lò ó, ojú mi sì ríran kedere). Ẹ fi àkókò kún tirẹ̀ nínú ìdánwò. Kì í ṣe ojúsàájú rárá.