Kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù Tuntun: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Ìwé Gẹ̀ẹ́sì

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù tuntun, ìyẹn ètò ohun tí iléèwé yóò máa kọ́ ọmọ, ní 2025, ohun tí àwọn tísà Gẹ̀ẹ́sì ń bi ara wọn, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣàgámù, ni pé, "Ìwé wo la máa lò?" Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìwádìí àti ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́, ló ń ṣe kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù. Àwọn tó ń tẹ̀wé tà ló ń ṣe ìwé. Olùkọ́ tó ṣí ìwé láti ojú ewé kìíní, tó ń kọ́ ọ lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí, iṣẹ́ oníwé ló ń bá a ṣe. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó yẹ kí ọmọ lè ṣe kí sáà tó parí, kí ẹ tó wá ibi tí ìwé ti wúlò.

Ẹ má jẹ́ kí èèpo ẹ̀yìn tuntun tàn yín, o. Bí àyọkà àti ìdánrawò inú rẹ̀ bá jẹ́ ti àtijọ́, ẹ má rán òbí lọ ra òmíràn.

Oral English, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń ká mi lára jù. Pépà kẹta Gẹ̀ẹ́sì WAEC fún ọmọ Nàìjíríà, ìbéèrè 60 ni, ìdáhùn ni wọ́n ń yàn lórí bébà; kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ lanu. Olùkọ́ a wá kọ àmì ìró sójú pátákó, ọmọ a dà á kọ, a há a sórí, ó tán. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá kò ní v, kò ní z, kò sì ya i gígùn sọ́tọ̀ kúrò lára i kúkúrú, ìdí nìyẹn tí "ship" àti "sheep" fi ń jọra lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Etí ló ń yanjú èyí. Àwọn olùkọ́ ní wọn ò fún àwọn ní ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n fóònù ń bẹ lápò: ẹ wa ohùn tó ń pe àwọn ọ̀rọ̀ náà jáde sórí ẹ̀ látilé, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná iléèwé.

Àyọkà nípa yìnyín ilẹ̀ òyìnbó kò burú, àmọ́ ẹ má fi òun nìkan kọ́ àròkọ. Ọmọ tó ti rí àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá ní ohun tó lè ṣàpèjúwe. Ọmọ Ṣàgámù mọ ọjà obì.

Ẹni tó kàn sọ pé "ìwé yìí ò dáa" kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ kọ ojú ewé náà sílẹ̀, ẹ kọ ibi tó ti dá àwọn ọmọ dúró, kí ẹ fi lé ọ̀gá lọ́wọ́ kí wọ́n tó yan ìwé ọdún tó ń bọ̀.