Rọ́bà ìdérí kan ló dá mi dúró: bí mo ṣe fọ ẹnu Màmá lórí ẹ̀rọ amúnimí

Iye tí àwọn ọmọ Màmá, aláìsàn mi kan, ná sórí abẹ́rẹ́ àńtíbáyọ́tíìkì lọ́sẹ̀ yẹn ń dùn mí títí di òní. Ọjọ́ karùn-ún wọn lórí ẹ̀rọ amúnimí, ní ICU (yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an) tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì l'Ábùjá, ni ibà gbé wọn. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí à ń fà látinú túùbù wọn ki, ó sì di aláwọ̀ ewé. Òtútù àyà ni. Irú èyí tó bá sì yọjú lẹ́yìn wákàtí 48 tí a ti ki túùbù bọ èèyàn lọ́fun, aláìsàn kò gbé e wá láti ilé. Ọ̀dọ̀ wa ló ti kó o.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu Màmá. Ahọ́n gbẹ bí èèpo iṣu, ìdọ̀tí ti bo eyín, itọ́ tó ń rùn sì ti sé sí kọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìwé wa sọ pé a fọ ẹnu wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Fífọ tiwa ni pé ká ki òwú bọ chlorhexidine, omi ìfọnu tó ń pa kòkòrò, ká fi nu ètè àti iwájú eyín, ká fọwọ́ síwèé. Èmi náà ti fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, mi ò ní parọ́.

Àkọ́bí wọn wò mí lójú. “Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ ní ká ra omi ìfọnu yẹn. Gbogbo Wuse ni mo yí po kí n tó rí i.” Òótọ́ ló sọ. Láti 2022 ni àwọn onímọ̀ ìdènà àkóràn ní Amẹ́ríkà ti sọ pé ká má fi chlorhexidine ṣe ìtọ́jú ẹnu ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ mọ́, torí ó ṣeé ṣe kó dá kún ikú. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ní ká mú, lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà lára ògiri wa kò tíì gbọ́.

Búrọ́ọ̀ṣì kò ni wá lára: ti ọmọdé, onírun rírọ̀, mo rà á ní kíóósì ẹnu géètì. Ẹ̀rọ tó ń fa itọ́, suction, ló fẹ́ẹ̀ yí mi lórí.

Ẹni tí kò lè tutọ́, a kì í fọ eyín rẹ̀ láìsí suction. Bàlúùnù kékeré tó wà nísàlẹ̀ túùbù ló ń dí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, àmọ́ kò dí i pa pátápátá. Ohun tó bá kó jọ sórí rẹ̀ máa ń yọ́ kọjá díẹ̀díẹ̀. Bí o bá wá bu omi sí i láìfà á jáde, ńṣe lo kàn ń fi omi ti kòkòrò wọ àyà.

Suction ti ara ògiri kò lágbára. Mo wọ́ èyí tó ní táyà wá. Ó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, kò fa nǹkan kan. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe dé, ó tẹ́tí sí i bí ìṣẹ́jú kan. “Sístà, mọ́tọ̀ ẹ̀ ti lọ.” Ó bá tirẹ̀ lọ. Sítọ́ọ̀ ní kí n mú fọ́ọ̀mù wá. Fọ́ọ̀mù ń fẹ́ ọwọ́ ọ̀gá, ọ̀gá wà ní ìpàdé. Ábùjá kúkú ni, ìpàdé kì í tán. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde, ó ti di ọ̀sán Jímọ̀, akọ̀wé sítọ́ọ̀ ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, kò sì padà títí ilẹ̀ fi ṣú. Odindi ọjọ́ méjì! Gbogbo ìgbà yẹn, ẹnu Màmá wà bó ṣe wà.

Lálẹ́, mo yọ ìgò kúrò lára ẹ̀rọ, mo fi àtàǹpàkò dí ojú ihò tó wà lára mọ́tọ̀ gan-an. Ó fa ọwọ́ mi gbà-á! Mọ́tọ̀ ta ló lọ? Rọ́bà inú ìdérí ìgò ló ti ya, afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé. Mo yọ tara ìgò kan tó ti fọ́, mo fi há a. Abẹ́rẹ́ ojú ẹ̀rọ tó ń fi agbára rẹ̀ hàn gun 100 kọjá. Mo fẹ́ẹ̀ jó.

Èyí tó kù kò tó ogún ìṣẹ́jú. A gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, a wọn agbára afẹ́fẹ́ inú bàlúùnù túùbù: 25 lórí òṣùwọ̀n cmH₂O, ó dára, nítorí àárín 20 sí 30 la fẹ́. Ẹnìkejì mi, ọmọ Kánò, di túùbù mú kí àmì 22 ara rẹ̀ má kúrò níbi eyín, ó ń sọ pé “sannu, Mama.” Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín, èrìgì àti ahọ́n, mo ń fà á jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A sún túùbù sí igun ẹnu kejì kó má dá egbò, mo fi fasilíìnì pa ètè.

Ní báyìí, kí n tó gba iṣẹ́, àtàǹpàkò mi ti wà lẹ́nu suction. Mo sì ń sọ fún ẹbí aláìsàn pé búrọ́ọ̀ṣì kékeré méjì ni kí wọ́n rà.

Màmá kúrò lórí ẹ̀rọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo fi báírò fa ìlà sórí chlorhexidine lára ìwé ògiri yẹn. Ní Mọ́ńdè, wọ́n ti lẹ tuntun mọ́ ọn. Chlorhexidine ló tún wà níwájú.