Bí A Ṣe Ń Mọ Bí Pléètì Irin Ṣe Yẹ Kó Nípọn Tó Níbi Oríkèé

Bí ẹ bá ní kí jórinjórin kan ní Ìwó Road bá yín ṣe sítáǹdì táǹkì omi, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ṣé four ni àbí six?" Bí pléètì irin ṣe nípọn tó ní mìlímítà ló ń sọ. Owó ọwọ́ yín ló fẹ́ fi mú un, bẹ́ẹ̀ ẹrù tí irin máa gbé ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Táǹkì 5,000 lítà tó kún, tọ́ọ̀nù 5 ni.

Ká ní ẹ́njìníà ti ṣírò pé irin tó dábùú láàárín ẹsẹ̀ méjì máa fa pléètì igun (èyí tó so irin náà mọ́ ẹsẹ̀) pẹ̀lú 40 kN (kilonútìnì), bí ìwúwo tọ́ọ̀nù 4. Pléètì S275 ni, irú irin tí wọ́n sábà máa ń fi kọ́lé, ó fẹ̀ ní 80 mm, bóòtù M16 (tó nípọn ní 16 mm) méjì tó tò tẹ̀ lé ara wọn ló dè é mọ́ irin náà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ihò. Ihò M16 jẹ́ 18 mm. Láti àárín rẹ̀ dé etí pléètì kò gbọdọ̀ dín sí 22 mm, àmọ́ 35 mm lèmi máa ń fi sílẹ̀, torí ihò tó sún mọ́ etí jù máa ń ya jáde bí ihò bọ́tìnnì ògbólógbòó aṣọ. Láti ihò kan sí èkejì, 50 mm. Pẹ̀lú ààyè yìí, nínú Eurocode 3, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún iṣẹ́ irin, mìlímítà kan nínípọn pléètì máa gba nǹkan bíi 8.5 kN lábẹ́ bóòtù kan. Bóòtù kọ̀ọ̀kan ń gbé 20 kN. Ẹ fi 8.5 pín in, ẹ ó rí 2.4 mm.

Ẹ wá yọ ihò kúrò nínú fífẹ̀ pléètì: ó ku 62 mm. Ìyẹn gba bíi 18 kN fún mìlímítà kan, nítorí náà 2.2 mm tó o. Èyí tó pọ̀ jù lẹ máa mú, 2.4.

Ṣé ká wá ra 3 mm? Rárá o! Iná jórinjórin á lu ú, omi tó ń kán láti táǹkì á fi ìpatà jẹ ẹ́. 6 mm ni mo máa ń lò. Ẹ má sì kọjá ìdajì bóòtù, ìyẹn 8 mm fún M16: bí pléètì bá le jù, bóòtù ló máa já. Ihò tó ń fẹ̀ máa ń fara hàn kó tó burú. Bóòtù tó já kì í kìlọ̀.

Ó ku jíjó tó máa so pléètì mọ́ ẹsẹ̀ sítáǹdì. Bí ẹsẹ̀ ojú jíjó (bó ṣe fẹ̀ tó lára irin kọ̀ọ̀kan) bá jẹ́ 5 mm, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ibi tó tín-ín-rín jù, kò ju 3.5 mm lọ (ìlọ́po 0.7). Ní agbára jíjó tó jẹ́ 220 N/mm² (nútìnì lórí mìlímítà kan níbùú lóròó), 52 mm gígùn ti tó fún 40 kN. Ẹ jó 60 mm lápá kọ̀ọ̀kan. Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ kì í dì mú dáadáa, ẹ yọ 5 mm kúrò ní orí méjèèjì, 100 mm ṣì kù. Tí ẹsẹ̀ sítáǹdì bá jẹ́ páìpù 3 mm, ẹ dín ojú jíjó kù sí 3 mm, kí ẹ jẹ́ kó gùn sí i.

Ẹ mú calliper, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, lọ sọ́jà. "Six" kan tí mo rà, 5.2 ló bọ́ sí, ẹni tó tà á ní bọ́jà ṣe rí nìyẹn. Bí calliper ò bá sí, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n: mítà kan níbùú lóròó tó jẹ́ 6 mm lóòótọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀wọ̀n tó kílò 47.