Bí ọmọ Jámánì ṣe ń kó lọ sí Nọ́wè, àti nọ́ńbà méjì tó ń da àwọn èèyàn láàmú

Ọkọ̀ ojú omi tó bá gbéra ní Kiel ní agogo méjì ọ̀sán á gúnlẹ̀ sí Oslo ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ogún wákàtí péré. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ọmọ Jámánì jẹ nìyẹn: wọ́n á sùn, wọ́n á jí, wọ́n á ní àwọn ti dé. Ẹsẹ̀ wọn ti dé lóòótọ́, ìwé wọn ló kù. Mo ti bá èèyàn tó pọ̀ jókòó de ìpè ní ọ́fíìsì, ojú kan náà sì ni gbogbo wọn ti ń ṣubú. Màá dé ibẹ̀.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìwé ìrìnnà Jámánì ni mo ń sọ o. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé ìgbélùú Jámánì àmọ́ tó jẹ́ pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló ṣì wà lọ́wọ́ yín, ọ̀nà yìí kì í ṣe tiyín, àfi tí ẹ bá ń tẹ̀ lé ọkọ tàbí aya tó jẹ́ ọmọ Jámánì. Ẹ̀yin á lọ tọrọ káàdì ìgbélùú ti ẹbí láàárín oṣù mẹ́ta tí ẹ bá dé.

Nọ́wè kọ̀ láti wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lẹ́ẹ̀mejì, ní 1972 àti ní 1994, ṣùgbọ́n ó wà nínú EEA, àdéhùn ọjà àjọní pẹ̀lú Ìṣọ̀kan náà, láti 1994, ó sì ti wà nínú Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè tí kì í sábà yẹ ìwé ìrìnnà wò láàárín ara wọn, láti 2001. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Jámánì fi lè wọlé pẹ̀lú ìwé ìrìnnà tàbí Personalausweis (káàdì ìdánimọ̀ Jámánì) lásán, láìgba físà, kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tó dé. Àmọ́ àwọn aṣọ́bodè ń wo ẹrù, torí Nọ́wè kò sí nínú ètò owó ibodè tiwọn.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ lọ ṣe Abmeldung, ìyẹn kíkéde ní ọ́fíìsì ìlú yín pé ẹ ń kó kúrò. Wọn kì í gbà á tó bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ó kó, ẹ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìbí àti ti ìgbéyàwó elédè púpọ̀ ní Standesamt, ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ìgbéyàwó, kí ẹ má baà sanwó fún ògbufọ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta-mẹ́ta ni mo máa ń ṣe nínú ohun gbogbo, màá kó wọn sínú ọ̀rá funfun kan tí èèyàn lè rí inú rẹ̀. Ẹ má ra fáìlì olówó ńlá. Ẹni tó ń tú báàgì níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba kì í tètè rí ohun tó ń wá.

Ẹni tó bá ti gbé lẹ́yìn odi Nọ́wè fún ọdún kan ó kéré tán lè kó ẹrù ilé tó ti lò wọlé láìsan owó ibodè. Ẹ kọ orúkọ ẹrù náà sílẹ̀, kí ẹ sì gba ojú ọ̀nà pupa ní ibodè. Mọ́tò kò sí nínú àánú yìí. Owó orí tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ lè mú kí ẹ kábàámọ̀, nítorí náà ẹ tà á sí Jámánì. Tí ẹ bá ní ajá, dókítà ẹran gbọ́dọ̀ fún un ní oògùn aràn láàárín wákàtí 24 sí 120 ṣáájú kí ó tó wọ Nọ́wè, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá

Ẹni tó bá fẹ́ kọjá oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó ṣì ń wáṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà láti fi wá a. Orí íntánẹ́ẹ̀tì UDI, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì ní Nọ́wè, lẹ ti máa kọ fọ́ọ̀mù, kí ẹ tó gba ọjọ́ tí ẹ ó lọ fi ara yín hàn. Ẹ mú ìwé ìrìnnà àti àdéhùn iṣẹ́ lọ. Wọn kì í gba kọ́bọ̀, agbára ìwé tí wọ́n ń fúnni kì í sì í tán. Tí ẹ bá wà nítòsí Oslo, Bergen, Stavanger, Trondheim tàbí Kirkenes, SUA, ibùdó fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ti òkè òkun wá, ni kí ẹ lọ, torí ọlọ́pàá àti àwọn agbowó orí jọ wà lábẹ́ òrùlé kan níbẹ̀. Èmi kì í rán ẹnikẹ́ni lọ síbòmíràn tí SUA bá wà nítòsí.

Akẹ́kọ̀ọ́ á mú káàdì ìlera Yúróòpù dání. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì á gba fọ́ọ̀mù S1, ìwé ẹ̀rí ìbánigbófò ìlera, lọ́wọ́ Krankenkasse rẹ̀, ìyẹn àjọ ìbánigbófò ìlera rẹ̀ ní Jámánì. Ẹni tó ń jẹ owó ara rẹ̀ á ní ìbánigbófò ìlera tó péye.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú

Ìwé ọlọ́pàá kì í ṣe nọ́ńbà. Màá tún un sọ: ìwé ọlọ́pàá kì í ṣe nọ́ńbà! Ó kàn ń sọ pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti wà nílùú ni. Ọ̀dọ̀ Skatteetaten, àwọn agbowó orí, ni nọ́ńbà ti ń wá, oríṣi méjì ló sì wà.

Èkíní ni D-nummer, tí wọ́n ń fún ẹni tí kò ní pẹ́. Èkejì ni fødselsnummer, ti ẹni tó ń gbé ìlú. Mọ́kànlá-mọ́kànlá ni díjíìtì wọn, wọ́n sì jọra bí ìbejì, ìdí tí àwọn èèyàn fi ń ṣì wọ́n mú nìyẹn. Ọjọ́ ìbí yín ló bẹ̀rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi mẹ́rin kún díjíìtì àkọ́kọ́ ti D-nummer. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1988, fødselsnummer rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 120388, D-nummer rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 520388. Ẹ wo díjíìtì àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Tí ó bá jẹ́ mẹ́rin sókè, ẹ kò tíì di ará ìlú.

Ọkùnrin kan tí mo mọ̀ láti Hamburg fi D-nummer ṣiṣẹ́ fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Ó ń gba owó oṣù, ó ń san owó orí, ó rò pé ó ti parí. Ọjọ́ tí àìsàn dé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun kò ní fastlege, ìyẹn dókítà tí wọ́n ń yàn fún olúkúlùkù ará ìlú. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́rin ló wà nínú àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà wọ́n fún un ní D-nummer. Nígbà tí wọ́n fi kún un, òun ni kò padà lọ sọ fún wọn. Ẹnikẹ́ni kì í wá bá èèyàn pààrọ̀ rẹ̀ nílé.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ mẹ́jọ lẹ ní láti fi sọ pé ẹ ti kó dé. Ẹ gba ọjọ́ ìpàdé, kí ẹ mú àdéhùn iṣẹ́ àti ìwé ilé tí ẹ gbà dání. Gbogbo ẹbí ló gbọ́dọ̀ lọ, àti ọmọ ọwọ́. Mo ti rí ìyá tó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò torí òjò ń rọ̀. Wọ́n kọ orúkọ òun nìkan sílẹ̀, ó sì ní láti padà wá.

Ẹ gba skattekort, káàdì owó orí, lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò bá ní in, ọ̀gá rẹ̀ á yọ ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù rẹ̀. Wọ́n á dá àṣẹ́kù padà tó bá yá, àmọ́ onílé kò ní dúró dè yín.

Ó ku àpótí lẹ́tà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní Nọ́wè, tí orúkọ yín kò bá sí lára àpótí, lẹ́tà á padà síbi tó ti wá, nọ́ńbà yín á sì bá a lọ. Bébà àti sẹ́lótéépù tó. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nílé, pàápàá tí aya bá ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Èmi máa ń lẹ orúkọ mọ́ àpótí kí n tó tú ẹrù.

Tí fødselsnummer bá ti dé, báǹkì, BankID (ìdánimọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì) àti fastlege á tẹ̀ lé e. Ìwé ìrìnnà ni kí ẹ mú lọ báǹkì, kì í ṣe Personalausweis.

Ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́jọ

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí ẹ gbé láìdá, ẹ lè gba ìwé ìgbélùú títí láé. Ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú ń béèrè ọdún mẹ́jọ nínú mọ́kànlá tó kẹ́yìn, tàbí mẹ́fà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá tó. Ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ èdè Nọ́wè dé ìpele B1, kí ẹ sì yege nínú ìdánwò nípa ìlú náà. Ọdún tí ẹ bá lò ní Svalbard, àwọn erékùṣù Nọ́wè ní àríwá pátápátá, kì í sábà wọ inú ìṣirò.

Nọ́wè ti gba kí èèyàn ní ìwé ìrìnnà méjì láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2020. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n yára di ọmọ Nọ́wè, wọ́n sì pàdánù ti Jámánì. Wọ́n rò pé òfin Jámánì ti 2007, tó gba ẹni tó bá di ọmọ orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù tàbí Switzerland láyè, bo àwọn. Nọ́wè kò sí níbẹ̀. Àfi ẹni tó gba ìwé àṣẹ ṣáájú, pé kí ó má pàdánù ti Jámánì, ló bọ́. Ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2024 ni Jámánì mú ìdènà yẹn kúrò fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ Nọ́wè báyìí kò nílò ìwé àṣẹ kankan, ṣùgbọ́n ẹni tó ti pàdánù tirẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà kò rí i gbà padà fúnra rẹ̀.

Kò sí ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà láàárín Jámánì àti Nọ́wè, nítorí náà ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ jáde àti ọjọ́ tí ẹ padà sílẹ̀. Ìwé àjákọ kékeré kan ni mo fi ń ṣe tèmi, ó wà nínú ọ̀rá funfun kan náà tó wà pẹ̀lú mi láti Kiel.