Bí mo ṣe yanjú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tútù ní Chicago

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe ní Chicago, mò ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ìdájí ni mo máa ń jáde, tí n ó wá dúró de bọ́ọ̀sì lórí yìnyín. Tó bá ti di oṣù kìíní ọdún, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi á kọ́kọ́ máa ta mí, nígbà tó bá yá n kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé mo ní wọn mọ́. Tí mo bá wá délé, tí wọ́n ń yọ́, ìrora ìgbà yẹn ló ń fa omi lójú mi.

“Wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì” ni gbogbo ayé ń wí. Èmi ò gbà. Bàtà tó bá ti fún, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ọmọ ìka dáadáa, atẹ́gùn tó yẹ kó há ooru mọ́ inú rẹ̀ náà ò ní sí. Nítorí náà, bàtà ni mo kọ́kọ́ pààrọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, mo sì wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn lọ. Èyí tí ọmọ ìka mi ti lè jó nínú rẹ̀ ni mo sanwó fún.

Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ń wọ̀ sí i, ti irun àgùntàn. Ti òwú máa ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Tó bá ti rin, òtútù wọlé nìyẹn. Kí n tó kúrò níbi iṣẹ́, n ó bọ́ èyí tí mo fi ṣiṣẹ́ mọ́jú, n ó nu àárín ìka gbẹ, n ó wọ òmíràn. Tí mo bá délé, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni mo ń kì bọnú bàtà kó fa omi rẹ̀ mu.

Ilẹ̀ gan-an lọ̀tá. Mo ra aṣọ irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ títí tó fi ki, mo gbé ìtẹ́lẹ̀ bàtà lé e, mo fi báírò yí i ká, mo fi sáàsì gé e, mo tẹ́ ẹ sínú bàtà. Mo tún ń mú páálí dání tí mo ń dúró lé ní ibùdókọ̀. Àwọn èèyàn ń wò mí. Kí wọ́n máa wò.

Tí òtútù bá mú àyà àti ikùn, ara á fawọ́ ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn kúrò lẹ́sẹ̀ kó lè dáàbò bo ọkàn àtàwọn ẹ̀yà inú. Ìdí nìyẹn tí fìlà, ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ gígùn àti ògì gbígbóná fi wà lára ìtọ́jú ẹsẹ̀ mi. Àwọn àpò kékeré kan náà wà tí wọ́n ń tà, lẹ́búlẹ́bú irin ló wà nínú wọn: bí atẹ́gùn bá ti kàn án, irin á máa dípẹtà, á sì máa gbóná. Orí ìbọ̀sẹ̀ ni mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe ara. Owó ni ṣá, ọjọ́ tó bá le nìkan ni mo ń lò ó.

Irú ọjọ́ bíi 30 oṣù kìíní 2019, tí Chicago lọ sílẹ̀ dé -23 Fahrenheit, bàtà kankan ò tó o. Inú ilé ni kéèyàn wà, kó máa fi fóònù wo ibi tí bọ́ọ̀sì dé.

Ẹsẹ̀ tó bá ti kú tipiri, ẹ má gbé e sórí hítà, ẹ má sì ki í bọ omi gbígbóná. Yóò jóná kẹ́ ẹ tó mọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni mo ń lò, ìgúnpá ni mo sì fi ń tọ́ ọ wò bí ẹni fẹ́ wẹ ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni mo ń fi òrí pa á. Òrí kì í mú ẹsẹ̀ gbóná o, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń tan yín ni, àmọ́ gìgísẹ̀ mi ò là mọ́.

Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí ìka rẹ̀ ń ṣì ní àwọ̀ tó sì ń kú lójú òtútù tí kò tó nǹkan, kó lọ rí dókítà ná. Ẹnìkan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ra bàtà títí. Raynaud ni wọ́n padà bá lára rẹ̀, àìsàn tí dókítà ará Faransé kan, Maurice Raynaud, ṣàlàyé ní 1862. Oògùn ló ń lò báyìí.